Márùndínláàádọ́rùn-ún Nínú Ọgọ́rùn-ún

Nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dé ilé ìpamọ́ oògùn, "Olùdarí" ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n fi "Àgbà" kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbọ́ pé ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ òdìkejì títì ń jẹ́ Olùdarí Àgbà, inú bí i, ló bá fi "Pátápátá" lé e. Pátákó náà wá gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ ọ́ wẹ́wẹ́, ó ní láéláé, a kì í kọ ọlá wẹ́wẹ́. Bí káfíńtà ṣe kan ìdajì orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn nìyẹn, tó kan ìdajì mọ́ ògiri, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, "pátá" kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́ kù síta. Lẹ́yìn rẹ̀, Pátápátá làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lójú rẹ̀ ńkọ́? Ta ló fẹ́ kú?

Ẹ̀ka ìdánwò ni wọ́n ti gbé e wá. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi jókòó ti máàkì àwọn ọmọ iléèwé, tó ń fi bírò pupa yí òdo ká. Kí ló wá kan ẹni bẹ́ẹ̀ kan oògùn? Ẹ má bi mí. Ẹni tó gbé e wá náà kò bi ara rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ sílé náà. Fíríìjì ńlá márùn-ún ló wà ní yàrá ìsàlẹ̀, inú wọn ni abẹ́rẹ́ máa ń wà kó tó lọ sáwọn ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri ìlú. Ìwọ̀n ooru tó wà nínú wọn kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju méjì lọ, kò sì gbọdọ̀ gòkè ju mẹ́jọ lọ. Bí ooru bá mú abẹ́rẹ́ náà pẹ́, ó ti kú nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, òórùn rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ ó gún un fún ọmọ, ọmọ á ké, ìyá á dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi lásán lẹ fún un.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Tẹmómítà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Tẹmómítà oníná kan wà nínú fíríìjì kọ̀ọ̀kan, kò tóbi ju ọmọńdinrín lọ, wáyà tín-ín-rín ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá mọ ìwà wọn bí ẹni tó wẹ̀ wọ́n dàgbà. Ó mọ̀ pé bí iná bá já lójijì tó sì padà dé, ṣe ni tẹmómítà máa ń ta gìrì bí ẹni tí wọ́n gbá létí lójú oorun. Kó tó wọn ohunkóhun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: ẹ́tì-fáìfù. Bí àwọn tó ṣe é ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Kì í ṣe pé inú fíríìjì gbóná tó bẹ́ẹ̀ o. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mi ò tíì wò ó" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, á wá sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n èèyàn kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ojú oorun yìí. Nítorí náà, Ìyá dá ọgbọ́n kan. Láràárọ̀, á fi kọ̀ǹpútà sọ nọ́ńbà kan sí tẹmómítà kọ̀ọ̀kan létí: méje. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, tẹmómítà á rántí méje. Bí iná bá já, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbàgbé, á padà sí òdo tí wọ́n fi ṣe é. Nírọ̀lẹ́, Ìyá á wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dáhùn "òdo" ti sùn lẹ́nu iṣẹ́, abẹ́rẹ́ inú fíríìjì rẹ̀ kò sì ní jáde títí Ìyá á fi wádìí bí oorun náà ṣe pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Pátápátá. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun ṣàkóso, wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n ràgàjì kan kọ́ sínú ọ́fíìsì rẹ̀, kí ohun tí tẹmómítà bá ń sọ lè máa hàn níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tan án, nọ́ńbà márùn-ún ló jáde: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́rin. Òógùn bo ọ̀gá. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Mẹ́rin!" ló wí. "Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún! Ọmọ tó gba mẹ́rin, bàbá rẹ̀ ni mo máa ń ní kó lọ pè wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Bàbá ta ni kí n pè?"

Akọ̀wé rẹ̀ mi orí. Ọkùnrin yìí là ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bí Pátápátá bá fẹ́ wúkọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ wú u, kó má bàa dà bíi pé ọ̀gá nìkan ni ọ̀fun ń dùn.

Ìyá Tẹmómítà nawọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mà á fẹ́ ṣàlàyé. Bó bá ti wà láàárín méjì sí mẹ́jọ, ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Pátápátá na ìka sí i. "Ohun tó ba ilé yìí jẹ́ nìyí. Wọ́n ti fi méjì sí mẹ́jọ ṣe góńgó!"

"Góńgó kúkúrú, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Lọ́jọ́ kejì, Pátápátá kọ ìwé ìbáwí. Kì í ṣe sí òṣìṣẹ́ o, sí àwọn fíríìjì ni. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ṣánṣán níwájú wọn, ó ka ìwé náà ketekete, ó sì fún wọn ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti fèsì. Wọn kò fèsì. Ó lẹ ìwé náà mọ́ wọn níwájú.

Oṣù mẹ́rin kọjá báyìí. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan. Ihò ara ògiri tí wọ́n ki wáyà iná Fíríìjì Kẹta bọ̀ ti dẹ̀, iná já nídìí rẹ̀, ó sì padà dé. Pátápátá gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n, ó rí i: mẹ́rin, márùn-ún, márùndínláàádọ́rùn-ún. Àga yí mọ́ ọn nídìí. Kó tó dìde nílẹ̀, ó ti ń pariwo pé kí wọ́n bá òun pe oníròyìn.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fún Fíríìjì Kẹta ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹ ò gbọ́ mi dáadáa bí? Ìwé-ẹ̀rí, nínú férémù onígíláàsì. Pátápátá di ọwọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì náà mú, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ lórí akitiyan. "Fíríìjì yìí," ló wí, "inú ilé kan náà ló ń gbé pẹ̀lú àwọn yòókù. Iná kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Kí ló wá fi yàtọ̀? Ọkàn ni!" Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi padà dókè, tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ mẹ́rin. Pátápátá gbé ohùn sókè pé ta ló jí máàkì òun. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sáré lọ bá Oníná, ẹni tó ń tún wáyà ilé náà ṣe, ó ní kí ló dé tí Fíríìjì Kẹta fi gba ẹ́tì-fáìfù lẹ́ẹ̀kan tí kò sì gbà á mọ́.

"Iná ló já," ni Oníná dáhùn. "Èèyàn gbọ́dọ̀ tètè tún ihò yẹn ṣe. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pa iná tẹ́ ẹ sì tún un tàn, ẹ́tì-fáìfù náà ló máa kọ."

Ìkìlọ̀ ni Oníná rò pé òun ń ṣe. Ìlànà ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́ dáadáa, Ètò Ìgbéga Máàkì ti bẹ̀rẹ̀. Oníná á pa iná fíríìjì márààrún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún un tàn, ẹ́tì-fáìfù márùn-ún á tò sójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá á pàtẹ́wọ́, wọ́n á tún pa á. Láti àárọ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ àwọn fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, bí ẹ́tì-fáìfù bá ti kọjá, kì í ṣe mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé e mọ́. Mọ́kànlá ni. Mẹ́rìnlá ni.

Inú Pátápátá dùn títí. "Ẹ wò ó," ló sọ fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Kódà bó bá rẹ̀ wọ́n, wọn kì í gba mẹ́rin mọ́. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé."

Lọ́jọ́rú, Ìyá Tẹmómítà gòkè lọ bá a. Wọn kò ní kó jókòó. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó ní, "Ọ̀gá, nítorí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi iná yẹn sílẹ̀. Ẹ́tì-fáìfù yẹn..."

"Kí lẹ pè é?"

"Ẹ́tì-fáìfù, sà."

"Kò lórúkọ ni? Márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó kún ẹnu. Ẹ má gé e kúrú níwájú mi mọ́."

"Márùndínláàádọ́rùn-ún yẹn, sà, kì í ṣe máàkì. Oorun ni tẹmómítà ń sùn, tó bá ta jí, ó ń sọ ìsọkúsọ ni. Èyí tó ń sọ lẹ́yìn ìyẹn ni òótọ́. Mẹ́rìnlá nìyẹn, sà. Mẹ́rìnlá ti gbóná jù. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ń kú lọ́wọ́ wa."

Pátápátá fara ti àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rí irú yín. Ọmọ tó bá gba òdo, òun náà ló máa ń sọ pé ẹni tó gba àádọ́rùn-ún kò mọ nǹkan kan. A lórúkọ tá à ń pè é. Ìlara ni."

"Ìlara paraku, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìwé tí wọ́n kọ fún un kò tó ìdajì ojú ewé. Wọ́n gbé e lọ sí géètì, kó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde, nítorí "ìwà ìlara sí máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀." Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé bó bá tún la ẹnu rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, kó máa lọ sílé pátápátá. Ó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ láti mú báàgì rẹ̀. Kó tó jáde, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sọ méje sí tẹmómítà márààrún létí. Kò mọ ìdí tó fi ṣe é. Bóyá ó kàn fẹ́ dágbére fún wọn ni.

Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó rò ó lórí àga onípáànù tí wọ́n gbé fún un ní géètì, ó sì rí i pé ọdún méjì kò pọ̀ fún èèyàn láti dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan ń jáde lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Páálí abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣí i fún mi o, oòrùn ń pa mí," ni dírẹ́bà wí.

"Fíríìjì wo ni wọ́n ti kó o?"

"Kẹta. Èyí tó gbàwé-ẹ̀rí."

Ìyá Tẹmómítà wo páálí náà. Ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé, ó kọ aago, ó ṣí géètì. Bí eruku ọkọ̀ náà ti rọlẹ̀ ló fa fóònù yọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé ìwòsàn yẹn gan-an ló sì yẹ kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ kejì.

"Má gbé ọmọ yẹn lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́la," ló wí.

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Mo ní má gbé e lọ. Ṣé èèyàn ò lè báyìí bá ẹ sọ̀rọ̀ kó o gbọ́ ni?"

"Ó dáa, mà. Ṣé kí n sọ fáwọn tá a jọ ń lọ?"

"Kó o sọ kí ni fún wọn? Jókòó sílé ẹ jẹ́ẹ́."

Ó pa fóònù, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti sa ipá òun. Òwe kan ṣáà ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dá òwe náà lóhùn pé géètì lòun wà, òun kò sí lọ́jà. Ẹ má tíì bú u o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á. Ẹni tí kò bá tíì fún òwe lésì rí nìkan ni kó sọ̀kò.

Ọjọ́bọ̀ ni àjọyọ̀. Pátápátá ti ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n wá fojú rí iṣẹ́ ìyanu, wọ́n sì rán Màmá Dókítà, obìnrin arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oníròyìn mẹ́ta wá. Ọmọ Pátápátá obìnrin gbé ìkókó rẹ̀ dání, torí ọ̀gá ti pinnu pé ọmọ-ọmọ òun ló máa kọ́kọ́ gba "abẹ́rẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún" níwájú kámẹ́rà. Ìyá Tẹmómítà ló mú àwọn àlejò wọlé láti géètì, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé nọ́ńbà ọkọ̀ lábẹ́ abíyá.

"Màmá wa," ni Pátápátá bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí mo dé ilé yìí, òkùnkùn bò ó. Mẹ́rin ni wọ́n ń gbà! Àwọn kan ń gba mẹ́ta, wọ́n sì ń jẹun, wọ́n ń sùn! Mo wo ọ̀run, mo wo ilẹ̀, mo ní Ọlọ́run, ṣé èmi lo rán sí wọn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, bíi pé òun ló jẹ́ iṣẹ́ náà.

Oníná ti ṣe tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ́tì-fáìfù márùn-ún yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àtẹ́wọ́ sọ.

Màmá Dókítà wọ awò rẹ̀. "Ẹ́tì-fáìfù kí ni?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún, Màmá."

"Mo ní kí ni wọ́n ń wọ̀n?"

Pátápátá ronú díẹ̀. "Ìtayọ, Màmá."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá Dókítà ní, "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ ooru nìyẹn, ẹ ti se abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ. Bí kò bá jẹ́ ooru, á jẹ́ pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní fíríìjì márààrún. Èwo ni ká mú?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé, iná kò tíì ṣẹ́jú nínú ilé yìí," ni Pátápátá wí. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ dání. "Ẹ fún ọmọ-ọmọ mi lábẹ́rẹ́, kí gbogbo ayé rí i."

Ọmọ Pátápátá ká aṣọ ìkókó náà sókè. Itan rẹ̀ kò ju ọwọ́ àgbà lọ. Ìyá Tẹmómítà rí itan náà. Irú rẹ̀ wà nílé ọmọ tirẹ̀, òun sì ti pa ìyẹn mọ́ sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ má fún un."

Gbogbo orí yí padà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní kó padà sí géètì, Màmá Dókítà ní kó máa bọ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ̀gá. "Ọjọ́ tí wọ́n lé mi kúrò nísàlẹ̀, mo sọ méje sí wọn létí, mà. Bí iná kò bá já rí láti ìgbà náà, méje ni wọ́n máa dá mi lóhùn." Ó bi wọ́n. Òdo, òdo, òdo, òdo, òdo.

"Ìlara!" Pátápátá dìde, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Obìnrin yìí ti bá máàkì mi ṣọ̀tá tipẹ́! Nọ́ọ̀sì, fún un! Mo ní kó o fún un!"

Nọ́ọ̀sì wo Màmá Dókítà, ojú Pátápátá ni Màmá Dókítà ń wò. Ọmọbìnrin rẹ̀ di itan ìkókó mú gírígírí. Abẹ́rẹ́ ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Pátápátá wí.

Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò mọ̀ pé ọ̀gá ló sọ̀rọ̀, kò sì gbè é.

"Dádì," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ṣebí ẹ ní ó dáa?"

"Ó dáa."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un nígbà náà."

Pátápátá wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó bá fíríìjì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ kò rí gbólóhùn kan sọ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fa aṣọ bo itan ìkókó rẹ̀, ó sì jáde.

Màmá Dókítà yọ awò. "Ṣé ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ yìí ti jáde kúrò nílé yìí?"

Ìyá Tẹmómítà ṣí ìwé abíyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ìka sí ìlà kan. Wọ́n pe ilé ìwòsàn náà lórí fóònù. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àná.

"Ta ló ṣí géètì?" ni Màmá Dókítà bi í.

"Èmi ni, mà."

"Ẹ sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Pátápátá kò jẹ́ Àgbà mọ́, kò jẹ́ Olùdarí mọ́, ká má tiẹ̀ sọ Pátápátá. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ń bá ọ̀gá tuntun wúkọ́. Ṣùgbọ́n kí Màmá Dókítà tó lọ, ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ọmọ méjìlélọ́gọ́ta sórí ìwé kan, ó fi í lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ọ̀gá àná àti ìyá géètì. Ó ní ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn ín, kí wọ́n máa fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ìyá kọ̀ọ̀kan.

Ilé àkọ́kọ́, aránṣọ ló ń gbébẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Pátápátá wúkọ́, òun nìkan. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ní ìbámu pẹ̀lú àwọn ìdàgbàsókè tó wáyé láìpẹ́ yìí..."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ kó yé mi," ni aránṣọ wí.

Ìyá Tẹmómítà gbà á sọ. "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ọmọ yín lánàá, ó ti kú. Kò ní pa á lára, àmọ́ kò lè dáàbò bò ó. Ẹ máa gbé e padà wá nígbà tí tuntun bá dé. Ọwọ́ wa ló ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà kò bínú. Ó fọwọ́ sẹ́yìn kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì.

"Ṣé ẹ̀yin náà lọ́mọ kékeré nílé?"

"Mo ní ọmọ-ọmọ," ni Pátápátá dáhùn.

"Ṣé wọ́n fún un?"

"Rárá."

Ó yíjú sí Ìyá Tẹmómítà. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Mo ní ọmọ-ọmọ," ni Ìyá Tẹmómítà wí. "Wọn ò fún un. Mo ti sọ fún ìyá ẹ̀ kó má gbé e wá."

Aránṣọ náà ṣì ń wò ó. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ku ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta.